Ẹ̀wà tí ìkànnì mi kò rí: bí àpéjọ wa ṣe lọ ní Kàbbà

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù tó kọjá, mo kúrò ní Ìsánlú kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gba Mọ̀pà kọjá, mo sì wọ Kàbbà nígbà tí àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ ọjà wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àpéjọ àwa tí a ń fi kíkọ́ ìkànnì ayélujára ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wa ni mo ń lọ. Àwọn tó pe àpéjọ náà yan Kàbbà nítorí pé oríta ni ìlú náà jẹ́: ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà, ẹni tó ń bọ̀ láti Òkéné, ẹni tó gba Òmùò wọlé láti ilẹ̀ Èkìtì, àti àwa ará Yàgbà, ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo wa ti pàdé. "Òkun o, òkun o" ni a fi ń kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ tí wọ́n yá wa lò, àwọn àlejò tó wá láti Ìlọrin àti Òkéné sì tètè kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí gbogbo wa jókòó tán, àwa 28 péré ni, àga tó ṣófo lẹ́yìn sì pọ̀ ju èyí tí ènìyàn jókòó sí lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kẹ́dùn pé èrò kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò bá a kẹ́dùn. Mo ti lọ sí àpéjọ ńlá irú èyí ní Èkó rí, níbi tí a ti pọ̀ bí eéṣú, tí mo sì ti jókòó sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì gbáko tí mo ń wo ẹnu àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára níbẹ̀, n kò lè sọ pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó bi mí pé kí ni èmi gan-an ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí n ṣí i kí òun wò ó. Ní Kàbbà, kò tó wákàtí kan tí wọ́n ti ṣí iṣẹ́ mi níwájú mi, tí wọ́n sì rí àléébù tí mo ti ń gbé kiri fún oṣù mẹ́rin láìmọ̀.

Arábìnrin kan láti Lọ́kọ́jà, tó ti ń bójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, fún àwọn oníṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, ni ó ṣí ètò, kò sì fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó rán wa létí pé ní 1989 ni Tim Berners-Lee gbé àbá ìtàkùn ayélujára yìí kalẹ̀ ní CERN, ilé iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, àti pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1993, ni CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní nítorí ìyọ̀ǹda yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìkànnì ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Ìyàrà kò fi ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó ní kí wọ́n pa Wi-Fi gbọ̀ngàn náà, kí olúkúlùkù wa sọ àdírẹ́sì ìkànnì kan tó kọ́ fún ẹni tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ẹni náà sì fi fóònù tirẹ̀ àti dátà tirẹ̀ ṣí i, kí ẹni tó kọ́ ọ má sì sọ̀rọ̀ rárá títí tí ẹni tó ń lò ó yóò fi sọ pé òun ti rí ohun tí òun ń wá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bo gbogbo gbọ̀ngàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì dákẹ́ rí nígbà tí ẹlòmíràn ń lo iṣẹ́ wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ̀, ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Fóònù rẹ̀ ti là lójú láti igun kan dé ìkejì, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkànnì tí mo fún un ni èyí tí mo kọ́ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kan ní agbègbè wa, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo iye owó ohun ọ̀gbìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù lọ sọ́jà: iṣu, ẹ̀wà, kajú, epo, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ojú ewé funfun. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá nínú mi. Nígbà tí mo kà dé 40 ni orí àwòrán iṣu àkọ́kọ́ yọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń tú láti orí òpó, kò sì sí iye owó kankan tí a tíì rí, nítorí pé mo tò ó sí abẹ́ àwọn àwòrán náà. Ní ilé mi, lórí kọ̀ǹpútà mi tó ti tọ́jú gbogbo àwòrán yẹn sínú ara rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ojú ewé yìí máa ń gbà.

Àwòrán márùn-ún ló fa á, tí mo fi fóònù ya nínú oko, tí mo sì gbé sórí ìkànnì bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó 4000 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn tóótó wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, nígbà tí àyè tí wọ́n ń jókòó sí lójú fóònù kò ju 360 lọ. Àpapọ̀ wọn sì wúwo tó MB 11. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ iye owó ẹ̀wà nìkan ni mo ń gba MB 11 dátà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn dín àwòrán kù, ọdún pípẹ́ ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mímọ̀ yẹn kò tó nǹkan níwájú fóònù tó là lójú, tí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà mú dání, tó ń fi sùúrù dúró nítorí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Nígbà tí ojú ewé náà jàjà ṣí tán, ó tẹ "ẹ̀wà" sínú àpótí ìwákiri. Ìkànnì mi dáhùn pé òun kò rí ohunkóhun. Ẹ̀wà sì wà níbẹ̀, ní ìlà kejì, lábẹ́ iṣu, àti iye owó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ó rí. Nígbà náà ni mo rántí pé Bàbá akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ti pè mí ní ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ti fi dá wọn lójú pé fóònù wọn ni kò dára, kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an ní ìjókòó mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ méjèèjì wò."

Mo ní, "Kí a kà á báwo? Ṣebí ẹ̀wà náà ni."

"Ẹ̀wà ni lójú wa, sà. A kò tíì mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹ̀rọ."

Ó gba kọ̀ǹpútà mi, ó da ẹ̀wà tó wà nínú ìwé owó mi, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye owó ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ìkànnì náà, kọ síbi kan, ó sì tẹ ẹ̀wà tó ti ọwọ́ fóònù rẹ̀ wá sí abẹ́ rẹ̀, ó wá bi ẹ̀rọ pé àmì mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti fóònù rẹ̀ jẹ́ 4. Tèmi jẹ́ 6. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ojú mi rí nínú méjèèjì, wọn kò sì fi ìwọ̀n irun kan yàtọ̀ síra.

Ohun tó fà á nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tó bá ń kọ Yorùbá sórí ayélujára. Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀, Unicode ni ó sì ń pín nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Lẹ́tà è tó ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí náà ní tirẹ̀, U+00E8, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù ti ń lò ó tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, tí àwa Yorùbá ń lò lójoojúmọ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ńṣe ni a ń to ó pọ̀. Ẹnìkan lè mú ẹ kó fi ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè mú è kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹni kẹta lè mú e lásán kó kọ́kọ́ fi ti ìsàlẹ̀, U+0323, kó tó fi ti òkè, U+0300. Ẹni kẹrin lè kọ́kọ́ fi ti òkè. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà mi ń tú gbogbo àmì sílẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan ti orí à, kíbọ́ọ̀dù fóònù rẹ̀ sì ń dì wọ́n pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé dì. Ìkànnì mi wá ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, kò sì rí èyí tó dọ́gba.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Láti 2015 ni JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ lórí ìkànnì, ti ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní normalize, tó máa ń da gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sí ọ̀kan ṣoṣo kí ìfiwéra tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan fún ohun tí olùwá tẹ̀, ìlà kan fún ohun tó wà nínú ìwé owó, ó parí. Níbi tí mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni arábìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ̀, tó ti ń tẹ ìwé ìjọ láti ọjọ́ pípẹ́, na ọrùn láti ẹ̀yìn wa, ó sì ní a kò tíì parí. Ó ní àwọn kan kì í lo àmì tóótó nísàlẹ̀ ẹ àti ọ, ìlà kékeré tó nà dúró ni wọ́n ń fà síbẹ̀, bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá. Ìyẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+0329, normalize kò sì kà á mọ́ tóótó nítorí pé lójú Unicode wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi yóò ní láti fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ìwé ìtọ́nisọ́nà tí mo ti kà lórí iṣẹ́ yìí, n kò bá èyí pàdé rí, ẹ̀yìn àga mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba wákàtí kan gbáko nínú ètò, àwọn tó pe àpéjọ kò sì dá a dúró, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èyí. Arákùnrin kan láti Òkéné ní ohun tó dára jù ni kí ìkànnì bọ́ gbogbo àmì kúrò kó tó wá ọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù rárá. "Ewa" lásán ni wọn yóò tẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n rí ẹ̀wà. Bàbá kan láti Ìlọrin, tí wọ́n ń kọ́ni ní Yorùbá tí wọ́n sì tún ń kọ́ ìkànnì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, kò gbà. Wọ́n ní bí a bá bọ́ ẹ̀wù lára ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí a kò wá ni yóò máa jẹ́ wa nípè. Wọ́n wo ìkànnì mi gan-an, wọ́n ní igbá tí àwọn obìnrin fi ń wọn gààrí àti igba náírà yóò di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni orí ìwé owó kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Èmi rí i pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo tọ̀ sún mọ́ ti Bàbá Ìlọrin. Ẹni tó bá fara balẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sọ ohun tó ń wá, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ gbójú fo làálàá rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá àmì rẹ̀ mu ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí. Bí olùwá kò bá fi àmì sí i, tàbí bí èyí tó bá àmì mu kò bá sí, nígbà náà ni kí ìkànnì wá bọ́ àmì kúrò, kó sì kó gbogbo ohun tó jọ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn yóò fi ojú kà, àmì gbọ́dọ̀ pé lórí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Oúnjẹ ọ̀sán ni iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a sì jẹ ẹ́ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì kó tó di aago méjì, àwọn ọ̀dọ́ méjì ló sì ń sáré jáde láti tún un tàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, arákùnrin láti Òkéné yẹn bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìlà kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò, ìyẹn èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù ojú ewé, níbi tí a ti ń fi àmì kúkúrú sọ èdè tí a fi kọ ọ́. Yo ni ti Yorùbá, igl ni ti Ígálà, nup ni ti Núpé. Ti èdè Ẹ̀bìrà tirẹ̀ ni igb, nígbà tí ti Ìgbò jẹ́ ig. Ó ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó rò pé àṣìkọ ni igb yọ b kúrò nínú ojú ewé Ẹ̀bìrà tí òun kọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di Ìgbò lójú ẹ̀rọ. Mo ṣí tèmi wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, en, ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nínú àwòṣe tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́, n kò sì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Ojú ewé tí kò ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá nínú ni mo ti ń pè ní ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà yẹn.

Olùkọ́ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ ló bá wa ṣe ìyókù. NVDA ni ó ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní Australia ní 2006. Ó ń tẹ Tab lórí kíbọ́ọ̀dù láti fò láti ohun kan sí òmíràn lórí ìkànnì mi títí ó fi dé ibi àpótí ìwákiri, ẹ̀rọ náà sì wí pé "button" kó tó dákẹ́. Button kí ni? Àwòrán awò kékeré ni mo fi síbẹ̀ láìfún un ní orúkọ kankan. Ẹni tó ríran mọ̀ pé ìwákiri ni, ẹni tí kò ríran kò lè mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ náà rọra yí ojú sí apá ibi tí ohùn mi ti ń wá, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín." Mo kọ "Wá" síbẹ̀ lójú wọn, wọ́n tún Tab tẹ̀, wọ́n sì mi orí.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn dá lórí ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n gógó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Arábìnrin tó ṣí ètò fi hàn wá bí ènìyàn ṣe lè lo service worker, ìyẹn kóòdù kékeré tí ìkànnì ń fi sílẹ̀ sínú fóònù, kí iye owó tí àgbẹ̀ rí kẹ́yìn má bàa kúrò lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́kì bá lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i ní kíkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò ẹ̀rí pé nẹ́tíwọ́kì máa ń lọ.

Mo ṣe gbogbo àtúnṣe náà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àwòrán márààrún ti di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, tó fẹ̀ ní 720 píksẹ́lì, àpapọ̀ wọn kò sì tó KB 300 mọ́. Iye owó ti gòkè sí iwájú àwòrán. Yo ti gba ipò en. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe Bàbá akọ̀wé, mo sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn pé kì í ṣe fóònù wọn ló bàjẹ́. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ní kí n dúró lórí ìlà kí àwọn tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀wà jáde. Igbá jáde, igba kò sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ kò jáde o."

Mo wò ó. Gbágùúdá ni mo kọ sínú ìwé owó, ó sì pé pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo. Kò sí normalize tó lè sọ fún ẹ̀rọ pé ohun kan náà ni ẹ̀gẹ́ àti gbágùúdá, àti pákí pẹ̀lú. Mo bẹ Bàbá akọ̀wé pé kí wọ́n bá mi bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé wọn, láti abúlé dé abúlé, orúkọ tí oníkálukú ń pe ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá: ojú ewé mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n fi bírò búlúù kọ, tí wọ́n sì fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ̀ ni a ti fẹ́ ṣe àpéjọ tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ yẹn pé kó bá mi jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún.